Kókó Tó Wà Lábíyá Ajá Télọ̀

Ọkùnrin tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, télọ̀ ni. Kò-yẹ̀ la máa ń pè é ní àdúgbò wa, nítorí pé ìwọ̀n rẹ̀ kì í yẹ̀. Tó bá ti ta téèpù sí ọ lára lẹ́ẹ̀kan, ó ti parí nìyẹn. Kò ní sọ pé kí o padà wá wọ aṣọ náà wò kí òun tó dín in níhìn-ín, kí òun tó tú u lọ́hùn-ún. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti wà nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà, nísàlẹ̀ ilé alájà kan tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀. Tábìlì ìgéṣọ gùn láti ògiri dé ògiri. Ẹ̀rọ ìránṣọ méjì kọjú sí fèrèsé, ọ̀kan fún aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ọ̀kan fún èyí tó nípọn. Dígí gíga kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, igun rẹ̀ kan ti sán, ó sì ti sán láti ìgbà tí mo ti mọ ibẹ̀.

Òkè ni òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń gbé. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ni ẹ̀gbọ́n yìí ti ṣiṣẹ́ títí tó fi fẹ̀yìn tì. Ọdún gbọọrọ ló fi lu òǹtẹ̀ mọ́ lẹ́tà, débi pé títí dòní, tó bá fẹ́ tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀, ìkúùkù ló máa fi lu tábìlì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbà! Ọ̀rọ̀ ti gba òǹtẹ̀ nìyẹn, kò sí ẹni tó lè yí i padà mọ́. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ìyàwó àbúrò rẹ̀ náà ti kú, ni wọ́n bá kó ìkòkò wọn pọ̀ sójú kan.

Ẹni kẹta ilé náà ni ajá. Abo ajá ni, funfun báláú, Ṣọ́ọ̀kì lorúkọ rẹ̀. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù, ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tó fi lọ sùn sínú àpótí ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń fàlà sórí aṣọ, nígbà tó sì jáde, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí ṣọ́ọ̀kì parí sí àti ibi tí ajá ti bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ òsì Kò-yẹ̀ ló máa ń rìn. Kì í lọ síwájú, kì í dúró sẹ́yìn, kì í bọ́ sí ọ̀tún. A máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé bíi tọkọtaya ni wọ́n ń rìn. A ò mọ̀ pé nǹkan mìíràn wà nídìí ẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni Kò-yẹ̀ rí kókó náà. Tàbí kí n sọ pé ọwọ́ rẹ̀ ló rí i. Kó tó ti ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́, ó máa ń jókòó sórí àpótí, á máa ṣa òwú wẹ́wẹ́ kúrò nínú irun ajá náà, nítorí abẹ́ tábìlì ló máa ń sùn, gbogbo àgékù aṣọ tó bá sì bọ́ sílẹ̀, ara rẹ̀ ló ń lẹ̀ mọ́. Ìka rẹ̀ dé abíyá òsì ajá náà, ó dúró.

Ó ní ó ṣe òun bí ìgbà tí bọ́tìnnì bá já bọ́ sáàárín aṣọ òde àti aṣọ inú, téèyàn wá ń fọwọ́ tì í kiri kó lè rí ibi tó máa gbà yọ. Ó tì í síhìn-ín, kò lọ. Ó tì í sọ́hùn-ún, kò lọ. Bọ́tìnnì tó já máa ń lọ téèyàn bá tì í. Èyí ti rán ara rẹ̀ mọ́ ibẹ̀.

Ó gbé ajá náà gòkè.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá fọwọ́ kan ibí."

Ìyẹn nu ọwọ́ sí ìborùn rẹ̀, ó fọwọ́ kàn án.

"Èyí ò dáa. Lọ́la, o máa gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko."

"Ẹ jẹ́ ká máa wò ó ná."

"Ká máa wo kí ni? Ṣé tẹlifíṣọ̀n ni?"

"Màá máa wọ̀n ọ́n ni. Tó bá ń tóbi sí i, a máa lọ. Tí ò bá tóbi, kí la fẹ́ máa da ara wa láàmú fún?"

Ẹ̀gbọ́n mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá, ìdí nìyẹn tí kò fi lu tábìlì lọ́jọ́ náà. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, inú rírun lásán ló gbé ìyàwó Kò-yẹ̀ dé ilé ìwòsàn. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi wọlé. Ó tiẹ̀ ń bá nọ́ọ̀sì ṣàwàdà pé kó wá sí ṣọ́ọ̀bù ọkọ òun kí wọ́n bá a tún èjìká aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí ohun tí wọ́n rí. Kò pé ogún ọjọ́ lẹ́yìn náà tí wọ́n fi sin ín. Láti ìgbà náà, nínú ọkàn Kò-yẹ̀ lọ́hùn-ún, àyẹ̀wò ló pa ìyàwó òun, kì í ṣe àìsàn. Kò sọ ọ́ síta rí, torí ó mọ̀ pé kò bọ́gbọ́n mu. Àmọ́ ó gbà á gbọ́.

Báyìí ni wíwọ̀n bẹ̀rẹ̀. Láràárọ̀ ọjọ́ Ajé, kó tó ṣílẹ̀kùn, á gbé Ṣọ́ọ̀kì sórí tábìlì ìgéṣọ, á gbé ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ sókè, á fi téèpù sí i. Á wá kọ ọ́ sínú ìwé ìwọ̀n rẹ̀, níbi tí ọrùn, àyà àti itan gbogbo wa wà.

"Íńṣì kan, ó dín díẹ̀," ló sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ọ̀sẹ̀ kejì, "Íńṣì kan, ó dín díẹ̀." Ọ̀sẹ̀ kẹta, bákan náà. "Ẹ ò rí i? Ó wà bó ṣe wà."

Ara bẹ̀rẹ̀ sí í fu ẹ̀gbọ́n. Òun ló ń wẹ ajá náà ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, nínú ọpọ́n ńlá ní bálùwẹ̀, ohun tí ọwọ́ rẹ̀ sì ń bá pàdé lábẹ́ ọṣẹ kì í ṣe ohun tó dín ní íńṣì kan. Ó kọ́kọ́ rò pé ọwọ́ àgbà ló ń tan òun jẹ. Àmọ́ ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ kì í fọkàn tán ohun tí kò bá ní déètì lára. Lọ́jọ́ kan, ó mú òwú dúdú kan, ó yí i po ìdí kókó náà, ó gé e níbi tí orí méjèèjì ti pàdé, ó fi í sínú àpòòwé kékeré kan, ó kọ déètì sí i lẹ́yìn, ó tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn ọjọ́ méje, ó tún mú òwú mìíràn. Nígbà tó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́ lórí ibùsùn, ó jókòó. Òwú kejì gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Kí ló dé tí kò figbe ta? Mo bi í léèrè nígbà tó ń sọ ọ́ fún mi. Ó ní inú ló bí òun. Ó ní òun rò pé àbúrò òun ń purọ́ fún òun lójú ara òun ni, òun sì fẹ́ ní ẹ̀rí tó pọ̀ lọ́wọ́ kí òun tó kò ó lójú.

Láàárín àkókò náà ni tíṣà kan, oníbàárà àtijọ́, gbé ṣòkòtò padà wá. Èmi gan-an wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà.

"Kò-yẹ̀," ló wí, "mo dúró níwájú kíláàsì lánàá, dípò kí àwọn ọmọ máa wo pátákó, kókósẹ̀ mi ni wọ́n ń wò."

Ó gbé ṣòkòtò náà sókè. Ẹsẹ̀ kan fi ìka méjì kúrú ju èkejì lọ.

Kò-yẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Bóyá ẹ̀ ń ga sí i ni."

"Lápá kan?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Kò-yẹ̀ gba ṣòkòtò náà, ó ní kí tíṣà padà wá lọ́tunla. Àmọ́ mo rí i bó ṣe fi ọwọ́ wá etí tábìlì kó tó gbé e lé e. Mo rí i, mi ò sì ronú kàn án. Ó ń dùn mí títí dòní.

Nílé, nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀. Kò-yẹ̀ da tíì, tíì lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife. Ó fi iwájú orí sọ etí ilẹ̀kùn, lápá òsì, ó wú.

"Kí ló ṣe ọ́ lórí?"

"Ilẹ̀kùn ló gbá mi."

"Ilẹ̀kùn tó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí ọ?"

Lọ́jọ́ tí Kò-yẹ̀ jáde lọ ra òwú, ẹ̀gbọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó ṣí ìwé ìwọ̀n. Àwọn ojú ìwé àtijọ́ gún régé bí ìwé tí wọ́n tẹ̀. Àwọn tuntun ń gun ara wọn lórí. Ó wá ojú ìwé Ṣọ́ọ̀kì. Nọ́ńbà ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá kò sí níbẹ̀. Ó wò yíká kó tó rí i: ara pákó tábìlì ni Kò-yẹ̀ kọ ọ́ sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé. Ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìwé náà lọ́wọ́. Kò tíì mọ ohun tó jẹ́. Ó kàn mọ̀ pé irọ́ kọ́ ni, ohun tó burú ju irọ́ lọ ni.

Ṣọ́ọ̀kì náà ti ń tiro. Ó máa ń dúró lójijì láàárín ọ̀nà láti lá abíyá rẹ̀. Láìpẹ́, ajá tí kì í kúrò lápá òsì bẹ̀rẹ̀ sí í wà lẹ́yìn.

Ọjọ́rú ni, ní ọ̀sán gangan. Kò-yẹ̀ fẹ́ sọdá lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta bọ́tìnnì. Ẹ̀gbọ́n wà lójú fèrèsé òkè, ó ń gbọn aṣọ tábìlì. Ó rí wọn bí wọ́n ṣe jáde, ó rí Ṣọ́ọ̀kì tó jókòó létí ọ̀nà, tó gbé ẹsẹ̀ sókè, tó ń lá ibẹ̀. Kò-yẹ̀ kò mọ̀ pé ajá náà kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Ó sọ ẹsẹ̀ sójú títì. Láti òsì, ọkọ̀ ẹrù kan ń bọ̀.

"Kò tiẹ̀ yíjú síbẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n wí fún mi. "Ọkọ̀ tó tó ilé! Mo la ẹnu, ohùn ò jáde."

Ajá náà ló gbó. Ó gbó lẹ́ẹ̀kan, gbígbó tí kò jọ tirẹ̀, ó sì fò lọ lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, ó gbá ẹsẹ̀ ṣòkòtò olówó rẹ̀ mú, ó fà á. Bíréèkì ké. Nígbà tí ọkọ̀ náà dúró, imú rẹ̀ súnmọ́ Kò-yẹ̀ débi pé ooru ẹ́ńjìnnì ń fẹ́ sí i lójú.

"Bàbá!" Awakọ̀ yọ orí jáde. "Ṣé ojú yín fọ́ ni?"

Gbogbo àdúgbò gbọ́. Kò-yẹ̀ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Ẹ má bínú," ó ń wí, "ẹ má bínú, ọ̀gá mi." Àmọ́ kì í ṣe awakọ̀ ló kọjú sí. Òpó iná tó wà létí ọ̀nà ló ń bẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rí ìyẹn láti òkè. Ó mú àwọn àpòòwé rẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó mú àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù, ó ti ilẹ̀kùn. Ó fi í jókòó. Kò pariwo.

"Na ọwọ́ rẹ."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́..."

"Mo ní kí o na ọwọ́ rẹ."

Ó gbé òwú àkọ́kọ́ sí i lọ́wọ́. Kò-yẹ̀ fà á gba àárín àtàǹpàkò àti ìka ìtọ́ka, bó ṣe máa ń fa aṣọ tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó dáa. Ẹ̀gbọ́n gbé èkejì sí i. Ó fà á. Ó gbé ẹ̀kẹta sí i. Nígbà tó dórí ẹ̀kẹrin, tó fà á, tó ń fà á, tí òwú náà kò tètè tán, ó tún padà mú ti àkọ́kọ́.

"Kí lèyí?"

"Kókó ajá rẹ ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Déètì wà lára gbogbo wọn. Mo ti pè ọ́ ní òpùrọ́ nínú ọkàn mi, jọ̀ọ́, foríjì mí. Ìgbà wo lo ti ríran gbẹ̀yìn?"

Ṣọ́ọ̀kì sùn sí ẹsẹ̀ Kò-yẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ti òsì ti lọ. Ó ti lé lọ́dún kan. Ti ọ̀tún ń rí, àmọ́ ó dà bíi pé inú ihò kọ́kọ́rọ́ ni mo ti ń wò."

"O ò sì sọ fún mi."

"Télọ̀ tí ò ríran, kí ni wọ́n ń pè é?"

"Téèpù yẹn ńkọ́? Ṣé o rí nọ́ńbà kankan lára ẹ̀?"

"Mo rí ti ọjọ́ àkọ́kọ́." Ó pa ojú méjèèjì dé. "Àwọn yòókù, mo kàn ń tún un sọ ni."

Ẹ̀gbọ́n lu tábìlì. Gbà! Kò sí àríyànjiyàn mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n wà lọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Obìnrin kékeré kan ni, ó gé èékánná rẹ̀ mọ́lẹ̀, kì í sọ̀rọ̀ tó bá ń fọwọ́ wá nǹkan. Ó fọwọ́ wá abíyá ajá náà, ó fọwọ́ wá ọrùn, ó padà sí abíyá. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ pọ̀. Kò-yẹ̀ mọ irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn. Ó ti gbọ́ ọ rí, nínú yàrá mìíràn.

"Ó ti tó ìgbà wo, Bàbá?"

Ẹ̀gbọ́n kó àpòòwé kalẹ̀. Dókítà tẹ́ òwú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sẹ́gbẹ̀ẹ́ rúlà, ó wò wọ́n lọ, ó wò wọ́n bọ̀.

"Èèyàn máa ń gbé fọ́tò wá fún mi," ló wí. "Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ gbé òwú wá. Ẹ ṣeun. Ó wúlò fún mi gan-an." Ó wá fa àga, ó jókòó kó lè kọjú sí wọn dáadáa. "Bàbá, Màmá, mi ò ní tàn yín. Ibi tó wà ò dùn mọ́ mi nínú, bó sì ṣe ń yára dàgbà ò dùn mọ́ mi nínú. Màá fi abẹ́rẹ́ fa díẹ̀ jáde, màá fi ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ọjọ́ márùn-ún."

Ọjọ́ márùn-ún yẹn, Kò-yẹ̀ kò rán nǹkan kan. Ó jókòó ti fóònù lórí tábìlì ìgéṣọ. Nígbà tó dún lọ́jọ́ kejì, ó fò dìde, àpótí ṣubú. Ẹni tó ṣi nọ́ńbà pè ni, tó ń béèrè bóyá ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta sìmẹ́ǹtì. Lọ́jọ́ kẹta, kò dún rárá, ìyẹn sì burú jù. Ajá náà fi búrẹ́dì tí wọ́n rẹ sínú mílíìkì sílẹ̀, ó yí ojú sí ògiri.

Lọ́jọ́ karùn-ún, ó dún bí aago méjìlá ṣe ń kọjá lọ. Ẹ̀gbọ́n ló gbé e. Ó mú bírò, ó ń kọ ohun tí wọ́n ń sọ sílẹ̀, bó ṣe máa ń kọ wáyà, iṣẹ́ kúkúrú tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ rán, fáwọn èèyàn nílé ìfìwéránṣẹ́ láyé ọjọ́un, láìfi tirẹ̀ kún un, láìyọ kúrò. Kò-yẹ̀ ń gbọ́ bírò náà bó ṣe ń há bébà. Bírò dúró.

"Ẹ kà á fún mi," ló wí.

"Jẹjẹrẹ ni."

Iṣẹ́ abẹ wáyé ní ọjọ́ kẹta sí i. Kí wọ́n tó gbé ajá náà wọlé, dókítà ṣàlàyé: tí òun bá là á, tí òun bá rí i pé ó ti wọnú egungun, gbogbo ẹsẹ̀ náà ni òun máa gé. Tó bá jẹ́ inú ẹran nìkan ló mọ, òun á kó kókó náà àti ẹran tó yí i ká. Ó gbé ìwé wá fún Kò-yẹ̀ láti fọwọ́ sí. Kò-yẹ̀ di bírò mú, kò rí ibi tó máa kọ ọ́ sí. Ẹ̀gbọ́n mú ìka rẹ̀, ó gbé e lé orí ìlà náà, Kò-yẹ̀ sì kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, ó wọ́, àmọ́ ó kọ ọ́.

Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú yàrá tí wọ́n ti ń dúró. Òórùn oògùn apakòkòrò ń ta sókè láti ilẹ̀. Ológbò ẹnì kan ń ké nínú agbọ̀n. Lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ̀gbọ́n ní òun fẹ́ lọ ra tíì, kó tẹ̀lé òun kó lè na ẹsẹ̀.

"Mi ò lọ."

"Wákàtí kan ṣì kù, wọ́n ní."

"Lọ́jọ́ tí ìyàwó mi lọ, tíì ni mo lọ rà." Ó gbé orí kọ́ ẹ̀yìn sára ògiri. "Nígbà tí mo fi máa dé, wọ́n ti fa aṣọ yí bẹ́ẹ̀dì ká. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé mi ò sí níbẹ̀. Kódà ẹ̀yin, mo sọ fún yín pé mo di ọwọ́ ẹ̀ mú."

Ẹ̀gbọ́n kò dìde mọ́. Ológbò náà sinmi ẹkún. Lẹ́nu ilẹ̀kùn inú, iná pupa kan ń tàn, kò kú, kò kú, títí ó fi kú.

Dókítà jáde, ìlà ìbòmú ṣì wà lójú rẹ̀. Ó ní kò tíì dé egungun. Ẹsẹ̀ wà níbẹ̀. Kókó náà tóbi ju ẹyin adìẹ lọ. "Àmọ́ Bàbá, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé mo kó gbogbo ẹ̀ tán. Irú èyí máa ń rán ọmọ ẹ̀ síwájú kéèyàn tó mọ̀."

Nígbà tí wọ́n jẹ́ kó wọlé, oògùn oorun kò tíì kúrò lára ajá náà. Kò-yẹ̀ fi ọwọ́ wá ojú abẹ náà, ó rọra fi ìka ka ojú òwú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, láìfọwọ́ kan awọ.

"Mẹ́rìndínlógún," ló wí. "Ẹ rán an dáadáa, Dókítà. Ẹ ò fà á le jù."

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ẹ̀gbọ́n fà á lọ sí ilé ìwòsàn ojú. Wọ́n ní omi inú ẹyinjú ló ń ti iṣan ojú, díẹ̀díẹ̀, láìdunni, títí iṣan náà fi kú. Ti òsì kò ṣeé ṣe mọ́. Ti ọ̀tún, wọ́n lè dá a dúró síbi tó dé, tó bá ń kán oògùn sí i láàárọ̀ àti lálẹ́ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Dókítà ojú bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ká ní ó tètè wá ni, ẹ̀gbọ́n bá wò ó, ìyẹn sì gbé e mì.

Kò-yẹ̀ fúnra rẹ̀ ló sọ fún àwa oníbàárà, lọ́kọ̀ọ̀kan. Tíṣà ló kọ́kọ́ sọ fún. Àwọn kan kó aṣọ wọn lọ síbòmíràn, mi ò dá wọn lẹ́bi. Èmi ò kó tèmi. Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n wá. Á ta téèpù sí ọ láyà bí ẹni ń di páálí, á pe nọ́ńbà náà sókè débi pé ará títì mọ ìdí rẹ mélòó ni. Òun náà ló ń gé e, pẹ̀lú Kò-yẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń fọwọ́ tọ ojú ọ̀nà sísọ́ọ̀sì. Rírán, ọwọ́ Kò-yẹ̀ ṣì ni. Ìyẹn kò nílò ojú púpọ̀.

Oṣù mẹ́wàá ni Ṣọ́ọ̀kì fi wà pẹ̀lú wọn lẹ́yìn náà, oṣù mẹ́wàá tó dáa. Ó ń jẹun, ó ń gbó ẹni tó ń pín lẹ́tà. Ṣùgbọ́n wọn kì í jókòó kí ara wọn balẹ̀ tán. Tó bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rọ ìránṣọ á dákẹ́. Tó bá pẹ́ kó tó dìde, ẹ̀gbọ́n á sọ̀ kalẹ̀ láti òkè láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n ń gbé e lọ fún dókítà, ó sì ń sọ pé, "Mi ò rí nǹkan kan lónìí." Lónìí. Kò yọ ọ̀rọ̀ yẹn kúrò níbẹ̀ rí.

Nígbà tó di ọjọ́ kan, dókítà kò sọ ọ́. Ó gbé ohun èlò sí etí, ó gbọ́ àyà ajá náà lápá ọ̀tún, ó gbọ́ ọ lápá òsì, ó yọ ọ́.

"Ó ti dé inú ẹ̀dọ̀fóró."

"Ṣé ó ń dùn ún?" Kò-yẹ̀ béèrè.

"Kò tíì bẹ̀rẹ̀."

"Tó bá bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ fún mi. Ẹ má dúró de ìgbà tí màá béèrè."

Ọjọ́ kejìlélógún lẹ́yìn náà, nígbà tí ìrora bẹ̀rẹ̀, ni dókítà wá sílé fúnra rẹ̀, lọ́sàn-án, pẹ̀lú báàgì kékeré kan. Òjò ń rọ̀. Wọ́n tẹ́ aṣọ òtútù kan sórí tábìlì ìgéṣọ, wọ́n gbé ajá náà lé e. Ó ti fúyẹ́. Kò-yẹ̀ gbé orí rẹ̀ lé apá ara rẹ̀, ó fi ọwọ́ kejì sí ìhà rẹ̀ níbi tí èémí ti ń gbé e sókè, tó ń gbé e sílẹ̀. Dókítà bi í bóyá ó fẹ́ jáde, pé àwọn kan kì í lè wò ó.

"Mo wà níbí," ló wí.

Ó wà níbẹ̀ nígbà tí dókítà gún ajá náà ní abẹ́rẹ́ oorun ìkẹyìn. Òun ló kọ́kọ́ mọ̀ pé ó ti parí, kí dókítà tó gbé ohun èlò sí etí, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kò gbéra mọ́.

Omi ń kán láti etí òrùlé sórí agolo kan níta. Dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í kó nǹkan rẹ̀ sínú báàgì, Kò-yẹ̀ sì bi í bóyá ó ti jẹun láti àárọ̀. Ó ní rárá, òun wá tààrà láti ibòmíràn ni.

"Ẹ ò lè wọnú òjò yìí báyìí," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Ẹ jókòó." Ó sì gòkè lọ gbé omi kaná.